Orúnkún màmá mi àti ìlú Bad Gastein: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní, Mọ́níyà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí mi. Àbúrò mi tó ń gbé Vienna ní kí n mú màmá wa wá ní oṣù Kejì, kí gbogbo wa lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Bad Gastein, ìlú orí òkè ní Austria tí omi gbígbóná ti ń sun. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ski, ìyẹn eré yíyọ̀ lórí yìnyín, èmi fẹ́ rí ìlú, omi yẹn ni màmá ń retí nítorí làkúrègbé orúnkún. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Tí ọyẹ́ bá mú díẹ̀ báyìí, súwẹ́tà ni wọ́n ń wá kiri. Ṣé ká lọ, àbí kí n ní kó fowó ọ̀hún ránṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Láyí: Ẹ lọ. Salzburg ni mo ti kàwé, réluwéè ló ń gbé wa débẹ̀, kì í tó wákàtí méjì. Omi ńlá kan ń já láti orí àpáta láàárín ìlú gan-an, ẹ ó máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọba Franz Joseph ti Austria àti Kaiser Wilhelm I, ọba Germany, máa ń lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ní 1865, ibẹ̀ ni Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Germany nígbà náà, àti Austria ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí Schleswig àti Holstein, ilẹ̀ méjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Denmark. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi gbéjà ko ara wọn. Ibẹ̀ náà ni ìdíje ski àgbáyé ti wáyé ní 1958.

Àmọ́ ara òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó, kó da yìnyín bò ó, ó ti rí Bad Gastein nìyẹn. Orúnkún màmá ò ní lè bá a. Bad Hofgastein nísàlẹ̀ ni kí àbúrò yín ti gba yàrá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, láti òkè yẹn náà ni wọ́n ti ń fa omi gbígbóná wá fún wọn, bọ́ọ̀sì sì ń lọ ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ti ìhòòhò! Nínú sauna wọn, ìyẹn yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, tọkùnrin tobìnrin ló ń wọlé láìwọ nǹkan kan. Inú omi nìkan lẹ ti máa wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ tètè sọ fún màmá kí wọ́n tó lọ ṣílẹ̀kùn.

Bàbá Ṣọlá: Màmá Ìbàdàn kẹ̀! Igbe tí wọ́n máa ké, yìnyín orí òkè á ya lulẹ̀ 😂

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ fàwàdà sílẹ̀ ná. Ṣé màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Omi gbígbóná máa ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, òòyì lè kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì. Kí wọ́n má pẹ́ nínú rẹ̀, kẹ́nì kan sì dì wọ́n mú tí wọ́n bá ń jáde. Omi ibẹ̀ tún ní radon, gáàsì onítànṣán. Wọ́n ní ihò kan nínú òkè tí àwọn aláìsàn ń sùn sí láti fà á símú, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ èèyàn wò kó tó wọlé. Gáàsì yìí kan náà wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní tèmi, ooru omi ti tó wọn, kí wọ́n fi ihò sílẹ̀.

Kọ́lá: Ìkògòsì ń bẹ ní Èkìtì o! Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹ kọ́kọ́ dán orúnkún wò níbẹ̀.

Àdùnní: Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́, a ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kọ́lá, ti Ìkògòsì dùn mọ́ mi, a máa lọ. Mo ka ti sauna sí màmá létí, wọ́n ní, “Kí ni òyìnbó fẹ́ fi hàn mí tí mi ò rí rí?” Àmọ́ àbúrò mi ti san àsansílẹ̀ fún yàrá lókè lọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n Láyí: Kó pè wọ́n lónìí. Oṣù Kejì ni ìsinmi iléèwé wọn, yàrá máa ń wọ́n. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n lè sún un sí oṣù Kẹta, yìnyín ṣì máa wà fáwọn ọmọ. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ físà báyìí, ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò ò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Kóòtù á wà lọ́dọ̀ àbúrò yín, bàtà tí ìdí rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wá fún màmá.