Ọdún 11 ló kù kí n fẹ̀yìntì: iléeṣẹ́ wo ni mo ti lè padà sí ìjókòó apá òsì, ìjókòó kápíténì?

Bàbá Bọ́lá, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹni ọdún 54 ni mí. Nílé, kápíténì ni mí lórí Boeing 737 fún ọdún 9, Èkó sí Àbújá, Èkó sí Pọ́tá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́, tí èèyàn kì í rí iwájú. Ní 2022, ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó wa wá sí Houston. Mo tún ìwé kà bí ọmọ iléèwé, mo gba ìwé àṣẹ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bààlúù ní Amẹ́ríkà, mo wọ iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn ńlá kó èrò. Embraer 175 là ń wà. Igbákejì ni wọ́n fi mí ṣe, torí pé gbogbo wákàtí tí mo ti fò nílé, òfin ibí kò kà á kún èyí tó ń sọni di kápíténì. Wọ́n ní àfi kí n fò 1,000 wákàtí nínú iléeṣẹ́ tiwọn. Mo ti fò ó. Oṣù tó kọjá ló pé.

Ni ilẹ̀kùn mẹ́ta bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Iléeṣẹ́ tí mo wà ní kí n wá ṣe kíláàsì kápíténì ní oṣù mẹ́ta sí i, Houston níbí ni máa sì wà. Iléeṣẹ́ ńlá kan fún mi ní lẹ́tà: igbákejì lórí 737, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Newark. Ẹ̀kẹta ni iléeṣẹ́ tó ń fi jẹ́ẹ̀tì gbé àwọn olówó.

Kí n má parọ́, kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn mí. Ọjọ́rú tó kọjá, aago 5 ìdájí, òjò ń rọ̀, èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì tí mò ń yí bààlúù po, mò ń wo táyà, mò ń yọjú sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ igbákejì nìyẹn. Kápíténì mi wà lókè, ó ń mu kọfí. Ọmọ ọdún 29 ni. Àkọ́bí mi fi ọdún kan jù ú lọ. Ọmọ dáadáa ni o, ó mọ iṣẹ́ dójú àmì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé tí omi ń ro tótó lára mi, ó ní, "Thanks, buddy." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Aṣọ mi ti ilé, tó ní ìlà wúrà mẹ́rin ti kápíténì lórí èjìká, ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyàwó mi.

Ní 65, òfin ní kí n sọ̀kalẹ̀. Níbo ni mo ti lè tètè di kápíténì, kí n sì pẹ́ nídìí rẹ̀?

Kò-sí-wàhálà

Bàbá, oṣù mẹ́ta péré, nílé yín, lẹ́bàá ìyàwó yín. Kí lẹ tún ń rò? Ẹ lọ ṣe kápíténì yín jàre.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Iléeṣẹ́ ńlá ni mo wà láti 2016. Ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe.

Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè pé, "Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń di kápíténì níbẹ̀?" Ẹni ọdún 25 ni ìyẹn wúlò fún. Níbí, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan: ọjọ́ tí ẹ wọlé ló ń fún yín ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ló ń pín bààlúù, ibùdó, ìsinmi, àti ìjókòó. Tí ẹ bá fi iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, nọ́ńbà yín kú síbẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ tún ti máa bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa bèèrè ni pé: nínú àwọn tó wà níwájú mi, mélòó ló dàgbà jù mí lọ, mélòó ló kéré sí mi? Àwọn tó dàgbà jù yín á ti lọ kí ẹ tó lọ. Àwọn tó kéré sí yín, ẹ̀yin lẹ máa fi wọ́n sílẹ̀ níwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní awakọ̀ 16,000 ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹyìn. Ká ní 6,000 nínú wọn ló dàgbà jù yín. Kí ẹ tó pé 65, gbogbo wọn á ti lọ. Ibi tí ẹ máa dé nìyẹn: nọ́ńbà 10,000. Tí iléeṣẹ́ náà kò bá dàgbà, tí kò sì rù, ẹ kò ní kọjá ibẹ̀, bó ti wù kí ẹ mọ ọkọ̀ wà tó. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì kó ọmọ ọdún 28, 30, 32 wọlé rẹpẹtẹ ní 2022 àti 2023. Ògiri nìyẹn níwájú yín.

Kápíténì kò tó ìdajì awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá tó ń fò lọ òkè òkun, torí pé bààlúù tó ń lọ òkè òkun máa ń gbé ju igbákejì kan lọ. Tí a bá wo nọ́ńbà 10,000 nínú 16,000, ẹ gbàgbé apá òsì lórí bààlúù ńlá bíi 777 àti 787. Ṣùgbọ́n lórí 737, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ̀ ọ́ nígbà tí nọ́ńbà bá kàn wọ́n, pàápàá ní New York àti Newark. Ní 2023, ìròyìn gbé e pé iléeṣẹ́ United ní ọgọ́ọ̀rọ̀ àyè kápíténì tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún. Àwọn tí kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ di kápíténì.

Kò-sí-wàhálà

Wọ́n fún wọn ní kápíténì wọ́n kọ̀? Irú kí nìyẹn?

Ìyá Mosún

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ohun tó jẹ́ fún yín, èmi tí ọkọ mi kò kọ̀ ọ́.

Dallas là ń gbé, Newark ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba ìlà mẹ́rin, a ṣe àríyá, a se ìrẹsì, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà rẹ̀ di ìkẹyìn láàárín àwọn kápíténì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ó ti wà láàárín àwọn igbákejì tó dàgbà, ó ń mú ọjọ́ tó wù ú. Bó ṣe di kápíténì, ó padà di ọmọ kékeré. Reserve ni wọ́n fi í sí, kó jókòó de fóònù. Kò sì lè jókòó dè é nílé, torí tí wọ́n bá pè é, ó gbọ́dọ̀ tètè dé pápákọ̀. Ó wá lọ háyà àyè sùn nínú yàrá kan tí àwọn awakọ̀ mẹ́fà ń pín, bẹ́ẹ̀dì orí-ara-wọn mẹ́ta, fìríìjì kan, oníkálukú kọ orúkọ sára mílíìkì rẹ̀. Tó bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń wá àyè tó ṣófo nínú bààlúù tó ń lọ. Tí kò bá sí àyè, á dúró de òmíràn. Kérésìmesì mẹ́ta, èmi nìkan ni mo dáná.

N kò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Mo kàn ní, ẹ bi ìyàwó yín kẹ́ ẹ tó bi wa.

Àgbà Awakọ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo fẹ̀yìntì ní 2019. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀bú yè kooro, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé òfin lè yí ìṣirò padà lóru ọjọ́ kan.

Láyé ìgbà tí mo wọṣẹ́, 60 ni wọ́n ń fẹ̀yìntì. Mo ti ka iye àwọn tó wà níwájú mi, mo ti mọ oṣù tí máa di kápíténì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2007, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di 65. Ló bá tán. Fún ọdún márùn-ún, ṣàṣà lẹni tó fẹ̀yìntì. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tún wó lé e ní 2008. Ibi tí mo jókòó sí ní 2007 ni mo ṣì jókòó sí ní 2012, irun mi ti funfun.

Ní 2023, ilé aṣojú fẹ́ sún un sí 67, àwọn sẹ́nétọ̀ ò gbà, 65 ló sì wà nínú òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2024. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kú o, wọ́n máa tún gbé e dìde. Tó bá sì wọlé nígbà tí ICAO, àjọ bààlúù àgbáyé, ṣì di 65 mú fún ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, àwọn àgbà tó wà lórí 777 á sọ̀kalẹ̀ wá sórí 737 tó ń fò nínú Amẹ́ríkà, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á ti lè fò. Ta ni wọ́n máa tì kúrò? Ẹ̀yin ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà á rí ọdún méjì gbà lẹ́yìn.

Ohun kejì: àyẹ̀wò ara. Ẹni tó bá ti lé ní 40, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ti kápíténì, àyẹ̀wò ọkàn sì di ọdọọdún. Mo mọ èèyàn mẹ́ta tó ní nọ́ńbà tó dára, tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Ọdún 11 ni ẹ kọ sílẹ̀, ẹ fi 8 ṣe ìṣirò.

Jẹ́ẹ̀tì-Olówó

Èmi wà nínú ìkẹta tí Bàbá Bọ́lá dárúkọ, n kò sì ní bá yín polówó ọjà mi. 65 kò kàn wá. Láti ìparí 2022, òfin gba àwọn iléeṣẹ́ jẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù, irú NetJets, láàyè láti fi òpin sí i ní 70. Àwọn kékeré kò ní òpin kankan nínú òfin. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ ńlá máa tì mọ́ yín ní 65. Tiwa á ṣì ṣí sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wọ èyí tí kò ní tì?

Iṣẹ́ wa náà ní tiẹ̀ o. Kápíténì ni ẹ, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé àpótí olówó, ẹ̀yin lẹ máa ra yìnyín.

Ọmọ Alákùkọ

Ẹ kúkú padà wálé! Air Peace ti ń lọ Gatwick ní London láti 2024. Nílé, wọ́n lè gba èèyàn wọlé tààrà gẹ́gẹ́ bíi kápíténì, kò sí ẹjọ́ nọ́ńbà.

Ìyá Mosún

Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe.

Bàbá Bọ́lá, Houston

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, tí èmi àti àwọn ọmọdé 40 bá wọ kíláàsì kan náà lọ́jọ́ kan náà, ta ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ṣáájú? Ìkejì, ṣé owó igbákejì níbẹ̀ lè tó ti kápíténì níbi tí mo wà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ti àkọ́kọ́ dùn: ní àwọn iléeṣẹ́ kan, àgbà ló ń ṣáájú nínú kíláàsì. Ẹ̀yin lẹ máa gba nọ́ńbà tó dára jù nínú àwọn 41 yẹn. Ọjọ́ orí yín á wúlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbádùn rẹ̀. Ní ibòmíràn, wọn kì í wo ọjọ́ orí rárá. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ní ti owó, ọdún kìíní á ro yín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó máa gòkè. Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ kò ní pẹ́ gbọ́dọ̀ wò ni owó ìfẹ̀yìntì: àwọn ńlá ń fi nǹkan bí ìdá 17 tàbí 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín sínú rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀ lára tiyín. Ẹ bi iléeṣẹ́ kékeré yín bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ka ìwé bónọ́ọ̀sì tí wọ́n máa gbé síwájú yín kí ẹ tó ṣe kíláàsì kápíténì yẹn. Àwọn kan máa ń so ẹsẹ̀ èèyàn mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì.

Àgbà Awakọ̀

Kí n fi ọ̀kan kún un. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ rántí 2020. Nílé iṣẹ́ ńlá, fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ má ra ilé tuntun.

Bàbá Bọ́lá, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ ńlá yẹn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò. Bí mo bá ṣe é dáadáa, nọ́ńbà mi lè mú 737 ní apá òsì ní Newark láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní Houston, bóyá nígbà tí mo bá pé 62. Mo sọ fún un pé máa dúró ṣe igbákejì títí Houston á fi dé, kí n lè máa sùn nílé. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ? Tí ọmọ yẹn pè ọ́ ní buddy tí o kò jẹun alẹ́?"

A ti fún wọn lésì. Kíláàsì oṣù Kẹta. Kápíténì tí wọ́n fẹ́ fi mí jẹ níbí, mo ti dá a padà fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Aṣọ inú dúrọ́ọ̀ yẹn, ó ní òun kò ní kó o kúrò.

Ìyá Mosún

Ẹ kú oríire. Tí ẹ bá ń wá yàrá ní Newark, ẹ pè mí, mo mọ obìnrin kan níbẹ̀. Ẹ san ogún dọ́là lé e kẹ́ ẹ gba bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Ẹni ọdún 54 kì í gun àkàbà lóru.