Àlùwàlá tí kì í parí: ohun tí ojú wa rí pẹ̀lú àìsàn OCD

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìmọ́tótó jù ni OCD (obsessive-compulsive disorder, àìsàn ọpọlọ tí èrò tí a kò fẹ́ ń fi múni ṣe ohun kan ní àṣetúnṣe) ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń da ẹni tó ní in láàmú.

Àbúrò mi ọkùnrin kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Láfẹ̀mọ́júmọ́, yóò gbé bútà, yóò ṣe àlùwàlá dé ẹsẹ̀ òsì, ọkàn rẹ̀ yóò wá sọ fún un pé omi kò kan àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Oòrùn a yọ, kò ní tíì kírun àsùbáà. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sán, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ yóò mọ̀ pé ìyà ló ń jẹ ẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi kan gìgísẹ̀ mi?” Wọn a ní ó kàn án, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, a tún padà wá béèrè.

Àáfà wa ṣàlàyé fún un pé nínú òfin ẹ̀sìn, iyèméjì kì í ba ohun tó ti dáni lójú jẹ́. Òótọ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà.

Nígbà tí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá èrò àti àṣetúnṣe náà ń gbà á ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ó ní èrò tí ènìyàn kò pè, tí kò sì fẹ́, ló ń padà wá ṣáá, ìṣe àṣetúnṣe ni ó sì fi ń lé ẹ̀rù rẹ̀. Ìtura ìṣe náà kì í pẹ́, òun gan-an ló sì ń fún èrò náà lágbára. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń yẹ̀ wò léraléra, tàbí èrò pé òun yóò ṣe ọmọ òun léṣe, èrò tí òun fúnra rẹ̀ kórìíra. Kì í ṣe wèrè: àbúrò mi mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò mọ́gbọ́n wá.

Wọ́n fún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ fluoxetine, tó lè tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n tún kọ́ ọ kí ó ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan, kí ó kúrò nídìí omi, kí ó sì fara da ẹ̀rù náà títí yóò fi rọlẹ̀. Èyí tó le jù ni ti Màmá, nítorí oníṣègùn ní kí wọ́n má dáhùn ìbéèrè náà mọ́. Ìyá wo ni irú èyí rọ̀ lọ́rùn? Síbẹ̀ wọ́n ṣe é: “Ọkọ mi, a ti jọ sọ ọ́ pé n kò ní dáhùn ìyẹn.”

Àìsàn náà kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ó ti ń bá wọn kírun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ti ilẹ̀kùn tàbí ti èrò burúkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí àwọn ará ilé yín ṣe ṣe é.