Ẹ̀dá Tí Wọ́n Fi Irin Rọ: Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Ní Tábìlì Tiyín?

Olùdarí eré, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tí a ń ta dáìsì olójú ogún ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n a ti kúrò ní ẹni méjì tó ń fara pamọ́ ṣeré. Ọ̀rọ̀ àwọn warforged, ẹ̀dá tí wọ́n fi irin rọ nínú eré wa, ni mo gbé wá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: ayé Eberron ni wọ́n wà, èyí tí Keith Baker ro jọ, tí Wizards of the Coast sì tẹ̀ jáde fún Dungeons & Dragons, eré ìtàn orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe, ní 2004. Ọba ilẹ̀ Galifar kú ní ọdún 894 nínú kàlẹ́ńdà tiwọn, ni àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún bá dìde ìjà sí oyè. Ogun yẹn gba ọdún 102. Nígbà tí èèyàn ń tán lójú ogun, ìdílé Cannith, àwọn tó ń fi idán ṣe àgbẹ̀dẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ ogun. Igi, irin àti òkúta ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ní 965 ni èyí tó lè ronú fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Kì í jẹun, kì í mu omi, kì í mí, kì í sùn. Ogun parí ní 996, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní Thronehold: warforged kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n sì wó gbogbo àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ti ń rọ wọ́n.

Òmìnira wà nínú ìwé. Ibi tí ẹ̀mí wọn ti wá ni ìwé fi sílẹ̀ fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ tó bá jọ ń ṣeré. Òun ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìrírí ni kí ẹ sọ. Ẹ má wá máa ka òfin fún wa, gbogbo wa la ní ìwé.

Ìyá àwọn ìbejì, Ọ̀yọ́

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ni èmi ti ń darí eré tèmi, lẹ́bàá Ọjà Àkẹ̀sán. Àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ pírámárì, ló mú warforged. Ó sọ ọ́ ní Agbálẹ̀, torí ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rọ ọ́ fún ni kó máa gbá ojú ogun lẹ́yìn ìjà. (Ẹ má bi mí níbi tó ti rí i. Ọmọ ni.) Nígbàkigbà tí wọ́n bá pàgọ́ sójú ọ̀nà, tí wọ́n bá fẹ́ pín oúnjẹ, á ní kí n kọ ìpín Agbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Kì í jẹun." Ó ní òun mọ̀, kí n ṣáà kọ ọ́.

Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti rò pé ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ló bá gbójú sókè: "Ta lẹ ń bu oúnjẹ fún tí kò ní í jẹ ẹ́?" Ọmọ bá ṣàlàyé fún un: igi ni, irin ni, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó lè bínú. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló kú?"

Gbogbo wa ò mọ ohun tí a máa sọ. Ní ilé tí wọ́n bí Màmá sí, ère ìbejì kan wà níbẹ̀. Táíwò ló lọ, Kẹ́hìndé ló kù. Wọ́n gbẹ́ ère, ìyá wọn ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á, ó ń rán aṣọ sí i lọ́rùn, ọjọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà, ó ń gba tirẹ̀. Nítorí náà, lójú Màmá, igi tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ fún ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀mí ló ṣáájú, igi ló tẹ̀lé e. Ti àwọn Cannith yìí wá yí padà pátápátá: wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n rọ irin, ẹ̀mí sì ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tó ti wá. Màmá ní kò sí ẹ̀mí tí kò níbi tó ti ń bọ̀, ká lọ wá ilé tó ti jáde.

Bí mo ṣe yí ìtàn mi padà nìyẹn. Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé Sharn, ìlú kan nínú ayé Eberron, opó kan gbọ́ ọ bó ṣe ń kọrin, ó fi igbá ọjà sílẹ̀, ó di í mú: "Ọkọ mi nìyí." Ọkọ rẹ̀ ti kú sógun. Mo rò pé àwọn ọmọ á sunkún. Ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀! Ó ní Agbálẹ̀ kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀mí ọkùnrin yẹn ló padà wá, orí mìíràn ló yàn wá. Ó wá bi mí: "Babátúndé tó wà ní kíláàsì wa, ṣé ìyàwó bàbá bàbá rẹ̀ ló ń lọ bá nílé ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Opó náà ṣì wà nínú ìtàn wa, ó ń ta ata ní Sharn, Agbálẹ̀ a máa lọ gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọ Takíé

Ẹ jẹ́ ká má pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣìgìdì ni. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á pe ọfọ̀ sí i, wọ́n á rán an lóru kó lọ gun ẹlòmíì láyà. Ohun tí àwọn Cannith ṣe náà nìyẹn, tiwọn kàn sanra jù ni. Àbúrò kan mú warforged wá sí tábìlì wa, mo pè é ní ṣìgìdì, inú bí i, ó ní kí wọ́n lé mi. Wọn ò lé mi. Mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin tó ń ṣe Ọ̀kọ̀, LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n Takíé, ẹ ò ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ṣìgìdì kì í kọ iṣẹ́. Ẹni tó rán an ló ń jẹ́ fún. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti lágbára jù ú lọ, ẹni tó rán an náà ló máa padà wá bá. Ẹ ò gbọ́ ọ rí pé ṣìgìdì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé òun ò lọ mọ́. Warforged ń kọ̀. Èmi ni mo mọ ìyà tí mo jẹ torí kíkọ̀ yẹn.

Ọ̀kọ̀ ni orúkọ warforged tèmi, torí ọ̀kọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ilẹ̀ Thrane ló ti jagun. Àdéhùn ti jáde o, òmìnira ti dé, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ohun tí ìwé sọ nípa Thrane àti Karrnath: lẹ́nu ni wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, iṣẹ́ ẹrú náà ni wọ́n ṣì ń ṣe. DM wa, ẹni tó ń darí eré, kò fi bò. Àgbẹ̀ kan gbà mí síṣẹ́ ìkórè. Nígbà tí mo béèrè owó, ó ní owó òróró àti owó àtúnṣe ara mi ti ju owó iṣẹ́ lọ, kí n wá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mìíì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ní tábìlì wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti sọ ẹ́ di ìwọ̀fà." Mo ní kò tó ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà nílé. Bàbá rẹ̀ ló yá owó, òun ló lọ ń sìn ín. Iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé lásán ni, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó gan-an, ó di kó máa lọ. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń wá owó tí wọ́n máa fi rà á padà. Ta ló jẹ gbèsè tí Ọ̀kọ̀ ń san? Mo bá gbéra, mo ní mò ń lọ bi àwọn Cannith. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n wá gbé rìsíìtì jáde. Rìsíìtì o! Iye tí ìjọba Thrane rà mí, ọjọ́ tí wọ́n gbé mi, ọwọ́ ẹni tó gbà mí. Mo ta dáìsì láti fi ẹnu yí akọ̀wé wọn padà. Ẹ̀ta ló jáde. Wọ́n fi tèrín-tèrín sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó tún wà ní tábìlì wa ni pé ìwé àtijọ́ la ń lò, ẹ̀dà 3.5. Nínú ìyẹn, bí àlùfáà bá gbé ọwọ́ ìwòsàn lé warforged, ìdajì ló ń ràn. Ìdajì yòókù, ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ló máa tún un ṣe. Ẹgbẹ́ wa kò ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo bí mo ṣe ń rìn kiri: àdúrà gbà á débì kan, ó dúró. Mo rí i pé ìwé tuntun ti 2019 ti yọ èyí kúrò, ìwòsàn ń ràn wọ́n tán. Inú mi ò dùn tó bí ẹ ṣe rò. Ìdajì yẹn ni mo fi mọ Ọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àmì kan wà níwájú orí gbogbo wọn, ghulra ni wọ́n ń pè é, kò sì sí méjì tó bára mu. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ní ilà ni. Mo ní rárá. Àbàjà tó wà lójú bàbá bàbá mi, gbogbo agbo ilé wọn ló kọ ọ́, ilé la fi ń mọ̀. Ti Ọ̀kọ̀ kò júwe ilé kankan. Òun nìkan ló ni ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́mínárì, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo yín. Èmi ni mò ń ṣe àlùfáà ní tábìlì Ọ̀gá DM tó pe ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbàgbọ́ tèmi kò lọ́jú pọ̀: erùpẹ̀ ni Ádámù títí Ọlọ́run fi mí ẹ̀mí ìyè sí ihò imú rẹ̀. Warforged kì í mí. Kò tiẹ̀ ní ihò imú tí a máa mí nǹkan sí. Arákùnrin wa tó jẹ́ Mùsùlùmí gbè mí lẹ́yìn lórí èyí, ohun tí a kì í sì í fohùn ṣọ̀kan lé lórí pọ̀. Mo ṣì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àjíǹde, kí wọ́n má bàa ní mo bu iyọ̀ sí i.

Olùdarí eré, Under G

Ó ti fà mí síta. Ó dáa.

Warforged kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Mournland, ilẹ̀ Cyre tó parun lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 994. Ọgbẹ́ kì í jinná níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti gbé òkú jáde kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun. Ó wúwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n fi ọmọlanke wọ́ ọ, wọ́n ń ka ọjọ́, torí raise dead, idán tó ń jí òkú, kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí òkú bá ti ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Wọ́n dé ẹnu ibodè. Wọ́n yọ dáyámọ́ǹdì tí iye rẹ̀ tó 500 owó wúrà. Ni àlùfáà wa bá ní òun ò ṣe é mọ́. Ó ní òun ò lè pe ẹ̀mí tí kò sí. Ariwo sọ. Mo ní kó ka ohun tí ìwé kọ fún gbogbo wa. Ó kà á: ẹni tó kú yóò jí bí ẹ̀mí rẹ̀ bá fẹ́ padà, tí ohunkóhun kò sì dè é mọ́lẹ̀. Ó yọ òkú tó ń rìn sílẹ̀. Kò yọ warforged. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó wá pe idán náà.

Mo yíjú sí ẹni tó ni òkú. Mo ní, "Wọ́n ń pè ẹ́. Ṣé wàá padà?" Gbogbo èèyàn ti ń kó dáìsì jọ fún ìjà tó kàn. Ó ní, "Rárá."

A rò pé eré ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹ tẹ́tí sí mi. Nígbà tí wọ́n ń rọ mí, kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tí wọ́n ń tà mí, kò sẹ́ni tó bi mí. Àdéhùn Thronehold pàápàá, a ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bi mí rèé, mo ní rárá."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan fẹ́ fi idà tuntun bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ìjà tó wá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló mú mi kọ̀wé síbí: idán ti jẹ dáyámọ́ǹdì. Ta ló máa san án? Àlùfáà ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìpín òkú kí wọ́n tó pín ẹrù rẹ̀. Òkú fèsì láti orí àga rẹ̀: "Ohun tí kò lẹ́mìí kì í jẹ gbèsè. Bí mo bá sì lẹ́mìí, ẹ sin mí ná." Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì títí a fi túká.

Ìyá àwọn ìbejì, Ọ̀yọ́

Mo ka èyí sí Màmá létí. Wọ́n ní ẹ kì í pín ẹrù òkú láìbi ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní ta ni àrólé?

Olùdarí eré, Under G

Ẹ bá mi kí Màmá. Nínú ìtàn wa, ó ku méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ rọ ní àgbẹ̀dẹ kan náà. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ Sharn, ní àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ irin. Mo máa ní kí wọ́n lọ wá a lọ́jọ́ Sátidé, kí ó wá sọ bóyá òun máa gba ogún, kí ó sì gba gbèsè mọ́ ọn.