Fífi ọwọ́ rán ìwé pẹlẹbẹ nípa Àjàyí Crowther

Tíṣà Àgbádárìgì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ Púrámárì 5 fẹ́ fi ọwọ́ rán ìwé olójú ewé 16 nípa Àjàyí Crowther, èèpo rẹ̀ á jẹ́ àdìrẹ. Kí ni kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn rẹ̀? Báwo la ṣe ń rán an tí kò fi ní tú?

Ọmọ Ọ̀sà: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ kọ́kọ́ tún èyí ṣe: wọ́n á máa ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti kó o sọ́kọ̀ ẹrú. Rárá o, Èkó ni. Ogun ló kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sì kó wọn lọ Freetown. Ní ilẹ̀ Sàró yìí ló ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà; ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ti káfíńtà o. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843. Ó tó dé Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845, Abẹ́òkúta ló sì ń lọ. Sódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá níbẹ̀, kú, ọ̀nà dí, ó di oṣù kẹjọ 1846 kó tó débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti padà rí ìyá rẹ̀.

Aránwèé: A4 mẹ́rin, ẹ kì wọ́n bọ ara wọn, ẹ ṣẹ́ wọn sí méjì, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú ìṣẹ́po. Ihò mẹ́ta: ọ̀kan ní àárín gbùngbùn, méjì tó kù ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí orí àti ìdí. Ẹ lu ihò láti inú. Ti ẹ̀yìn ló máa ń yẹ̀, ìwé á sì ya. Òwú sẹ̀ǹtímítà 65, ẹ fà á gba ara àbẹ́là. Abẹ́rẹ́ á ti inú jáde ní àárín, á wọlé lókè, á fo àárín, á jáde nísàlẹ̀, á tún wọlé ní àárín. Ẹ so orí òwú méjèèjì mọ́ra lórí òwú gígùn tó nà sínú ìwé. Ẹ máa fa òwú gba ìtẹ̀sí ìṣẹ́po, ẹ má fà á sókè, á gé ìwé.

Ìyá Aláró: Ẹ ṣan àdìrẹ títí omi á fi mọ́, àìṣe bẹ́ẹ̀ aró á ràn mọ́ ìwé. Kí ẹ sì ṣẹ́ páálí èèpo kí ẹ tó lẹ aṣọ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù tó ki, fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó ṣàn á yọ sójú aṣọ. Ká fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Aáyán á jẹ ẹ́.

Tíṣà Àgbádárìgì: Ìgbà wo la ń gé etí ewé dọ́gba?

Aránwèé: Lẹ́yìn rírán. Ewé inú ló máa ń yọ jù.