Ṣé ẹni tó lè fọwọ́ kan gbé mọ́tò ṣì ní láti kọ́ ìjà?

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ariwo sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Tánkẹ̀, Ìlọrin níbí. Ọmọṣẹ́ mi ní Superman, akọni inú kọ́míìkì tó ń fò yẹn, ò ní ìjà kankan í kọ́. Ó ní ẹni tí ọta ìbọn ń já bọ́ lára rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́, kí ló fẹ́ kọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́? Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò rí àlàyé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "alágbára má mèrò" dá mi lóhùn. Mo ti pa á fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rín ló fi ń rín mi.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọṣẹ́ yín ló jàre. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò lè dunni, kí la ń yẹ̀ ẹ́ fún? Bó bá jẹ́ èmi ni, màá kàn dúró gbọnin ni, kó máa lù mí títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìyẹ̀rú:
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o, mà. Ọ̀fà ni mo wà, ẹ sì mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹlẹ́kẹ. Alábàárù ni mí nígbà èwe mi: àpò sìmẹ́ńtì méjì, kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mò ń rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìdí tírélà wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé kò sẹ́ni tó lè dá mi. Télọ̀ kan wà nítòsí wa, tín-ín-rín báyìí bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, ó ní ká gbára wa wò. Mo rọ́ lù ú. Kò tì mí padà rárá. Ó yẹ̀ díẹ̀, ó di apá mi mú, ó fẹsẹ̀ kọ́ mi ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá jẹ́ kí eré tí mo bá wá gbé mi lọ. Gbogbo ẹ̀yìn mi funfun fún eruku sìmẹ́ńtì. Mo dìde, ó tún dá mi. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Agbára kì í sọ èèyàn di òkúta. Superman lè gbé mọ́tò, àmọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tẹ̀wọ̀n tó mọ́tò. Ilẹ̀ la ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ká tó lè ti ẹnikẹ́ni. Bẹ́sẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ téèyàn jù á ti òun náà sẹ́yìn. Bó bá pàdé ẹni tí agbára wọn dọ́gba, ẹni tó mọ ẹkẹ ló máa dá ẹnì kejì.

Èyí tó tún ká mi lára jù: télọ̀ yẹn mọ bó ṣe gbé mi kalẹ̀ tí ọrùn mi ò fi ṣẹ́. Ẹni tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí kò kọ́ṣẹ́ ìjà, tó bá fọ́ olè létí lásán, orí olè lọ nìyẹn!

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò:
Ìyá Ìbejì, ohun tẹ́ ẹ láwọn máa ṣe yẹn, Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́ nì, ṣe é ní Kinshasa lọ́dún 1974 nígbà tí òun àti George Foreman jọ ja ẹ̀ṣẹ́. Foreman ti ja ìjà 40 láìpàdánù, ó sì ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbé 37 nínú wọn ṣubú. Ali fẹ̀yìn ti okùn, ó fapá bojú, ó ní kó máa lù ú. Ó rẹ Foreman, Ali sì gbé e ṣubú ní ìpele kẹjọ. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn gan-an, iṣẹ́ tó kọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ ya òun àti Superman pọ̀ nínú ìwé kọ́míìkì kan ní 1978: wọ́n fi oòrùn pupa gba agbára Superman, Ali sì nà án bí ẹni ń na bàrà.

Ìyá Ìbejì:
Ó dáa. Ẹni tó ń fò ńkọ́? Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀?

Ọmọ Ìyẹ̀rú:
Mà, ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Télọ̀ mi ò fò.

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ náà létí. Ó bọ́ bàtà, ó ní ká bọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n wá fi ẹkẹ hàn án. Mo ní fóònù oníbàárà ń dúró dè mí.