Láptọ̀ọ̀pù tó kú sẹ́nu àpúdéètì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Onítáìpù Ìworòkó

Ẹ kú ilé o. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí náà tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí, kó fi tirẹ̀ lé e.

Ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ni mo ní lọ́nà Ìworòkó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Láptọ̀ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń gbọ́ bùkátà mi. Tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ sì ti kú tipẹ́: tí ẹ bá fa wáyà iná rẹ̀ yọ, kẹ́ ẹ tó ka ení èjì, ó ti ṣú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbé e fún olùkọ́ wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kí n pa ẹ̀rọ kí n máa lọ sílé. Windows ní òun máa ṣe àpúdéètì kóun tó kú. Mo ní kó ṣe é, ṣebí ó ti ń ṣe é bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Àṣé tọjọ́ náà yàtọ̀. Ó kú, ó tún ara rẹ̀ tàn, ojú rẹ̀ dúdú, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á tàbí kó yọ wáyà rẹ̀. Firmware ló ń pààrọ̀, ìyẹn sọfítíwíà kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Windows Update lè gbé irú ẹ̀ wá, mo rò pé èèyàn ní láti lọ wá a fúnra rẹ̀ ni. Ó dé 41 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná lọ.

Gbogbo àdúgbò ló kígbe “ààà!” bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Tèmi ò jáde lẹ́nu.

Mo sáré fa jẹ́n. Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù pariwo, ó dákẹ́, ojú ẹ̀rọ ò tàn. Iná Caps Lock wá ń ṣẹ́jú sí mi: ẹ̀ẹ̀mejì, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì, á tún sinmi. Mo pa á, mo tàn án, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbá a nídìí bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Pàbó.

Láàárọ̀, mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan nígboro Adó. Kò tíì tú u tó ti sọ fún mi pé bọ́ọ̀dù ti jó. Owó tó dá lé bọ́ọ̀dù tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi ra odindi ẹ̀rọ náà. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹrù mi.

Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló yọ mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú ìdí ẹ̀, ká yọ SSD inú ẹ̀, dísìkì tó ń tọ́jú fáìlì, ká fi wáyà so ó mọ́ tèmi.” Ẹ ò ní gbà gbọ́, iṣẹ́ àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé inú ṣíìpù kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù ni firmware ń gbé, kò sí lórí dísìkì rárá. Bàbá tó ń dìde ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ló dákú. Ẹrù inú ilé ò sọ nù. Mo tẹ iṣẹ́ wọn jáde láti orí ẹ̀rọ rẹ̀, aago mẹ́wàá ò tíì lù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tèmi ṣì wà nílẹ̀ níbí, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́ nínú ẹ̀, báwo lẹ ṣe bọ́?

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi kúrú. Láptọ̀ọ̀pù tuntun ni, àpúdéètì BIOS (firmware yẹn náà ni) parí láìsí wàhálà, ó tún ara rẹ̀ tàn, ojú rẹ̀ wá ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Mo ti nawọ́ sí bọ́tìnnì kí n pa á, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú: “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń tún ráàmù ẹ̀ mọ̀ ni.” Ọmọ tí mo bí! Mo bá lọ jókòó ti uyán mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ṣan ọwọ́, mo padà wá, ẹ̀rọ ti tàn, ó ń wò mí. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí máa ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tàn lẹ́yìn àpúdéètì. Ká ní mo ti tẹ̀ ẹ́ pa ni, bóyá èmi náà ti wà níwájú ọ̀gá oníbọ́ọ̀dù-ti-jó yẹn.

Atúnṣe Òkèṣà

Onítáìpù, ẹ má ra bọ́ọ̀dù kankan. Ohun tó bá jó máa ń rùn, tiyín ò rùn, ẹ ò sì gbọ́ “páù”. Ẹni tí kò tú ẹ̀rọ tó ti mọ̀ pé bọ́ọ̀dù jó, babaláwo ni, kì í ṣe oníṣẹ́ wa.

Ṣíṣẹ́ tí iná yẹn ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, èdè ni ẹ̀rọ ń sọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lórí àwọn kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni BIOS tó bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ráàmù. Ẹ wá ìtumọ̀ tiyín lójú òpó àwọn tó ṣe é, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí iná tó sá pamọ́ sínú bọ́ọ̀dù lè tán. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó ku ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní in, wọn ò kàn sọ fún wa nígbà tá à ń rà á ni. Ti HP: ẹ tẹ Windows àti B mọ́lẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má fi Windows àti B sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lè dúdú tó 40 ìṣẹ́jú àáyá kó tó fi nǹkan hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù. Ti Dell, láti bí ìparí 2015: ẹ yọ ṣájà, ẹ di Ctrl àti Esc mú, ẹ wá ki ṣájà bọ̀ ọ́. Àwọn yòókù ní tiwọn, ẹ má fi ti ẹlòmíì dán tiyín wò.

Fíláàṣì tẹ́ ẹ máa fi gbé BIOS tuntun wá fún ẹ̀rọ, FAT32 ni kó jẹ́, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí ẹ̀; NTFS ni ọ̀nà míì. Nígbà tí BIOS bá dákú tán, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ kì í sábà mọ NTFS kà. Fáìlì tẹ́ ẹ bá sì gbé sórí ẹ̀, ti módẹ́ẹ̀lì yín gan-an ni, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, láti ọwọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ti módẹ́ẹ̀lì tó jọ ọ́ kọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó fojú èmi náà rí màbo. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ wá láti Ìjerò, gbogbo bọ́tìnnì tí mo mọ̀ ni mo tẹ̀, kò jẹ́. Mo bá tú u, mo yọ bátìrì, mo wá ṣíìpù BIOS: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, kò tó èékánná ìka kékeré, wọ́n kọ 25Q64 sí i lẹ́yìn. (Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, 64 yẹn kì í ṣe mẹ́gábáìtì. Mẹ́gábíìtì ni. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́jọ, 8 MB ni.) Mo fi kílíìpù mú un, mo so ó mọ́ CH341A mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣíìpù tó sì ń kọ nǹkan sí i, mo kà á. Mo tún un kà, ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún sọ tuntun. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ń bú sọfítíwíà, àṣé kílíìpù ni kò di ẹsẹ̀ ṣíìpù mú dáadáa, ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Mo fi rọ́bà ìparẹ́ rọra nù ún, ẹ̀ẹ̀mejì tí mo kà á bá ara mu, ìgbà náà ni ọkàn mi tó balẹ̀. Mo tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀ kí n tó kọ tuntun lé e, torí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà àti kọ́kọ́rọ́ Windows tó bá a wá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kàn da BIOS tó wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ̀rọ á tàn o, ṣùgbọ́n á máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíì.

Àwa tá a ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ò lè gbàgbé kòkòrò kọ̀ǹpútà CIH, tí wọ́n ń pè ní Chernobyl. 26 oṣù kẹrin 1999 ló jí, ó ń nu BIOS ẹ̀rọ àwọn èèyàn dànù káàkiri ayé. Wọ́n ń gbé bọ́ọ̀dù tí nǹkan kan ò ṣe sọ nù nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín nígboro ni mo gbọ́ tí mo rántí ẹ̀.

Ọmọ Ọyẹ́

Bọ̀dá Òkèṣà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi lọmọ tẹ́ ẹ ń bá wí. Mo wo fídíò kan, mo ra CH341A, mo rò pé mo ti di ẹnjiníà. Ṣíìpù inú ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi, 1.8 fóltì ni. Ohun tí mo rà, 3.3 ló ń fún un, wọ́n sì ní aláwọ̀ dúdú bíi tèmi tún máa ń fi 5 ránṣẹ́ lára àwọn ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Mi ò wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ṣíìpù, mo kàn gán kílíìpù lé e. Mo fi ìka kàn án láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ìka mi. Èmi ni mo sanwó ṣíìpù tuntun àti ti ẹni tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. A ṣì ń sọ̀rọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n kì í yá mi lẹ́rù ẹ̀ mọ́.

Atúnṣe Òkèṣà

Àbúrò, ìka ò kú, ẹ dúpẹ́. Ádápútà tó ń sọ fóltì rẹ̀ di 1.8 wà lọ́jà, ẹ rà á mọ́ tiyín.

Àgùnbánirọ̀ Ìkọ̀lé

Tèmi tàn, ẹ̀yin ará. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi. Ibi tí mo ti ń sìn nílẹ̀ Ìkọ̀lé, wọ́n bá mi tún BIOS tó bàjẹ́ ṣe, inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa jó. Ojú búlúù kan yọ, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, ẹyọ nọ́ńbà 48 tí wọ́n tò pọ̀. Nọ́ńbà wo? Èmi tí mi ò mọ̀ pé mo ní àgádágodo lórí ẹ̀rọ! Ẹni tó tún un ṣe ló là mí lọ́yẹ̀ pé nígbà tí BIOS bá yí padà, Windows lè rò pé olè ló gbé dísìkì lọ sínú ẹ̀rọ míì, á bá ti ilẹ̀kùn. Ó ní inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ náà ni kọ́kọ́rọ́ yẹn sábà máa ń wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣí i fún mi, ímeèlì rẹ̀ ló lò. Iṣẹ́ alẹ́ ló wà. Mo pè é, kò gbé e. Ìgbà tó máa gbé e, aago mẹ́fà ìdájí ni, ó ń ka nọ́ńbà fún mi pẹ̀lú oorun lójú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. “Mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, bọ̀dá mi?” Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ka a. Láti ọjọ́ náà, inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí, ìwé náà wà lábẹ́ aṣọ, mo sì máa ń ní kí BitLocker dúró ná kí n tó gba àpúdéètì BIOS kankan.

Onítáìpù Ìworòkó

Mo ti dé. Ó ti tàn o!

Àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú kò jẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Fíláàṣì 64 GB ni mo ní nílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́ lórí ẹ̀rọ alákáàdì, FAT32 ò sí nínú ohun tí Windows ní kí n mú, torí ó ju 32 GB lọ, mo bá ní ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, mo mú èyí tó wà. Mo di bọ́tìnnì mú bí Bọ̀dá ṣe sọ, mo dúró, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo lọ yá 8 GB lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Orin ló kún inú ẹ̀, ó ní kí n má pa á rẹ́, mo ní kó kó orin ẹ̀ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìlú lọ́tẹ̀ yìí. Mo rọ epo kún jẹ́n dé ẹnu, mo ní kí ẹnikẹ́ni má so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Mo di bọ́tìnnì mú. Ojú rẹ̀ dúdú. Mo ń kà á sókè: 10, 20, 30. Ọmọ alákáàdì ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò jẹ́.” Mo ní kó dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n ka 40 ni ó dún “bíìpù”, ìlà ìgbín yẹn sì tún yọ. Nígbà tó kọjá 41, a ò mọ ìgbà tá a pariwo.

Ó tàn tán, ó ní ọdún 2015 la wà, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú ẹ̀ ti tán pẹ̀lú. Mo ti pààrọ̀ ìyẹn. Bátìrì ńlá náà, mò ń tu owó ẹ̀ jọ.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yẹn padà wá lánàá. Olùkọ́ ní kó tún orí kẹta kọ látòkèdélẹ̀.