Níbo lẹ ti bá wọn pàdé? Ìtàn ìrírí àwa olólùfẹ́ prog rock

Àjàní Onígìtá, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àríyànjiyàn lórí Pink Floyd, Yes àti King Crimson, àwọn àgbà prog rock (rọ́ọ̀kì tó máa ń gùn, tí ìlù rẹ̀ a máa yà kúrò ní mẹ́rin-mẹ́rin), ti sú mi. Àwọn àgbà yẹn ti gba oríyìn tó tọ́ sí wọn. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣì ń ṣeré lásìkò tiwa yìí ni kí á sọ, àwọn tí rédíò wa ò lè fi orin wọn síta láéláé, torí ta ni yóò gbé orin ogún ìṣẹ́jú sáàárín ìpolówó ọṣẹ àti ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí? Kí kálukú sọ bó ṣe bá tirẹ̀ pàdé. Ẹ má kàn to orúkọ kalẹ̀ fún wa o. Ẹ sọ ohun tí etí yín gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ ló kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún mi. Púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ, "Track 01", "Track 02" ló wà lára wọn. Láàárín Ebenezer Obey àti Lágbájá ni orin kan ti fi gìtá báàsì nìkan bẹ̀rẹ̀. Báàsì yẹn kò sin ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, òun gan-an ló ń ṣáájú, gìtá tó kù ń fèsì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Riverside ni wọ́n, láti Warsaw ní Pólàńdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001. Mariusz Duda ló ń ta báàsì náà, òun náà ló ń kọrin, ìyẹn ni ohùn rẹ̀ àti okùn rẹ̀ ṣe máa ń rìn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Piotr Kozieradzki tó ń lù fún wọn, inú ẹgbẹ́ death metal ló ti wá. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ẹni tó mọ ariwo pa ni, tó wá yàn láti má pariwo.

Ní oṣù kejì 2016, Piotr Grudziński tó ń ta gìtá fún wọn kú, ẹni ogójì ọdún péré. Mo rò pé wọ́n ti tán nìyẹn. Wọ́n kù mẹ́ta, wọ́n sì gbé Wasteland jáde ní 2018. Duda fúnra rẹ̀ ló ta púpọ̀ nínú gìtá tó wà nínú rẹ̀. Kò já fáfá bí ti olóògbé, ó le, ó sì gbẹ. N ò fẹ́ kó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Bọ̀dá Àjàní, ẹ ṣeun. Èmi kò tọ ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn o, ohun èlò kan ni mo tọ̀.

Mellotron ni wọ́n ń pè é. Birmingham níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1963. Tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó ní dùùrù kékeré kan ni nínú àpótí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, téèpù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gba ohùn fàólìnì, fèrè tàbí ẹgbẹ́ akọrin sí. Tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ bọ́tìnì, téèpù yẹn á máa wọ́ kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ló ní. Tó bá ti tán, ohùn á dákẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìka kúrò kí sípírínì tó fà á padà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò lè fẹ̀yìn tì sórí ohùn kan, gbogbo ìgbà ló ní láti mọ ibi tí ìka kàn. Téèpù náà a sì máa gbọ̀n díẹ̀, ohùn fàólìnì tó ti inú rẹ̀ jáde dà bí èyí tí wọ́n ń gbọ́ láti inú ilé kejì nígbà òjò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó ń ta àwo àlòkù pé, "Ta ló tún ń lò ó?"

Ọ̀kan nínú wọn na Hybris sí mi, àwo Änglagård láti Sweden. 1992 ni wọ́n ṣe é. Ẹ rántí ohun tó ń lọ láyé nígbà náà: ọmọdé gbogbo ló ń ṣe bíi Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jókòó, wọ́n ṣe orin mẹ́rin péré sínú àwo kan, wọ́n fi èdè Swedish kọ ọ́, Anna Holmgren ń fọn fèrè, Mellotron ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Orin á dákẹ́ débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ohùn sókè, lẹ́yìn náà ni yóò bú sẹ́kún gbùà! Wọ́n ṣe Epilog ní 1994, wọ́n sì túká. Nígbà tí Viljans Öga jáde ní 2012, ọ̀pọ̀ àwa tí a fẹ́ràn wọn ti di ìyá ọmọ.

Láti ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti dé ọ̀dọ̀ Anekdoten, tí wọ́n kọ́kọ́ ń tún orin King Crimson ta kí wọ́n tó kọ tiwọn, mo sì sọdá sí Norway. Wobbler, ará Hønefoss. Orin tó ṣíwájú nínú From Silence to Somewhere ti 2017 lé ní ogún ìṣẹ́jú, mo sì ti fi se ẹ̀wà rí, ó tó. Lars Fredrik Frøislie tó ń tẹ dùùrù fún wọn kì í lo ohun èlò tuntun tí àtijọ́ bá wà. Ní 2023 ó ṣe àwo tirẹ̀, Fire Fortellinger, ní èdè ilé rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní aláfarawé ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Wọn ò fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orin àgbà tó ní òtútù àti òkùnkùn tó báyìí hàn mí. Ilẹ̀ wọn ló wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá ti rí oṣù Kejìlá lápá ibí yìí mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọmọ Èkó Gidi

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi ò mọ Mellotron o. Orúkọ ló fà mí ní tèmi.

Mo ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń kọ́ gìtá, mo rí "Tosin Abasi". Mo ní, Tósìn wo nìyí? Ó di Olúwatósìn pọ́nbélé! Washington, D.C. ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Animals as Leaders lorúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2009. Kò sí akọrin. Kò sí ẹni tó ń ta báàsì. Gìtá olókùn mẹ́jọ ni, okùn ìsàlẹ̀ ló ń ṣe báàsì.

Mo dín ìyára fídíò náà kù sí ìdajì kí n lè rí ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ gbá okùn lọ sísàlẹ̀, ó tún fi ẹ̀yìn èékánná àtàǹpàkò kan náà gbá a bọ̀ lókè, ìka ìlábẹ̀lá já okùn mìíràn, ọwọ́ òsì náà sì ń fúnra rẹ̀ lu okùn láàárín. Ohùn mẹ́rin ti jáde kí n tó ṣẹ́jú. Nígbà tí mo dá ìyára padà, àbúrò mi ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Mo ní kó wá wòran.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé wọ́n ti gbajúmọ̀. Ní Amẹ́ríkà ni. Ẹ jáde sí Ojúẹlẹ́gba kẹ́ ẹ bèèrè.

Bàbá Àlàbá, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o. Havana ní Cuba ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ẹgbẹ́ yìí ti dàgbà díẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣeré, n ò rú òfin Àjàní.

Síntesis. Tọkọtaya ni Carlos Alfonso àti Ele Valdés tó dá a sílẹ̀ ní 1976. Àwo wọn àkọ́kọ́, En busca de una nueva flor, jáde ní 1978. Prog gidi ni: kíbọ́ọ̀dù lórí kíbọ́ọ̀dù, ohùn púpọ̀ tí wọ́n to léra. Mo gbọ́ ọ, mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n wá èyí tí wọ́n ṣe ní 1987, Ancestros.

Mo tẹ̀ ẹ́ sí i ní pálọ̀, ohùn ròkè. Synthesizer bẹ̀rẹ̀, báàsì wọlé, ẹnì kan lé orin, agbo gbè é. Mo ti gbà pé èdè Sípéènì ni, mo ń mi orí. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, omorogùn lọ́wọ́. Ẹ ó mọ̀ pé díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló ń pe òrìṣà nínú ilé mi?"

Mo tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni! Orin òrìṣà tí àwọn baba wa kó dé ọ̀hún nínú ọkọ̀ ẹrú ni. Sípéènì ni wọ́n fi ń ra iyọ̀, kò yà mí lẹ́nu pé ohùn ti ṣẹ́ díẹ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n etí ìyá mi gbé e kí tèmi tó gbé e, èmi tí mo ń pe ara mi ní olórin. Wọn ò kàn gbé orin ìbílẹ̀ lé orí rọ́ọ̀kì o. Lílé àti gbígbè yẹn ló di egungun orin náà, kíbọ́ọ̀dù ń yí i ká, ìlù ń fà á. Lázaro Ros bá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Apọ̀n ńlá ni, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Cuba, ẹni tó ń ṣáájú orin nílé òrìṣà. Ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Conjunto Folklórico Nacional, ẹgbẹ́ orin àti ijó ìbílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Cuba, ní 1962, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2005. Ní ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń wá ìró tó ṣòro láti fi dẹ́rù bani, ohun tí àwọn wọ̀nyí ní nílé ti tó wọn.

Ìyá mi kò ní kí n pa á o. Wọ́n ní kí n dín in kù kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi parí. Ọbẹ̀ jóná díẹ̀. X Alfonso àti Eme Alfonso, àwọn ọmọ tọkọtaya náà, olórin ni wọ́n náà lónìí, ẹ wá wọn.

Ọmọ Èkó Gidi

Bàbá, mo ti ń gbọ́ ọ báyìí. Ará mi ò gbà á.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Kútọnu

Ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi kàwé ní Tunis, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ṣe máa ń lọ, òun ló mú Myrath wálé. Ọmọ Tùnísíà ni wọ́n, láti 2001. Kévin Codfert, ará Faransé tó ti tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ Adagio, ló ń bá wọn ṣètò àwo láti Hope ti 2007. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Tales of the Sands ti 2011. Fàólìnì wọn ń rìn láàárín ohùn méjì tí gìtá wa ò ní ibi tí yóò tẹ̀ fún un, Zaher Zorgati náà ń yí ohùn bí ẹni ń kírun, gìtá líle ń lù lábẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo gbọ́ wọn. Metal nìyẹn, kì í ṣe prog.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Kútọnu

Màmá, ẹ ka ìlù náà kẹ́ ẹ tó dájọ́. Tó bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń lọ, mo gbà.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo kà á. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Onífèrè, Houston

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ máa tọ iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àwo kan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ta ló gbé e síta, kẹ́ ẹ lọ wo ohun mìíràn tó wà nínú àpò rẹ̀. MoonJune, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní New York, ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹnì kan ṣoṣo, Leonardo Pavkovic, ló ni ín. Gìtá jáàsì ni mo ń wá, ibi tí mo bọ́ sí ni Jakarta ní Indonesia.

simakDialog ni wọ́n ń jẹ́. Nínú Patahan, tí MoonJune gbé jáde ní 2007, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Kendang ni, ìlù ọlọ́wọ́ àwọn ará Sunda, méjì tí wọ́n ń fèsì síra wọn. Lórí rẹ̀ ni Riza Arshad ti ń tẹ píánò iná, Tohpati ń ta gìtá. Ẹni tó bá gbọ́ gángan dàgbà kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ìlù náà kì í ka oókan, eéjì, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń wá àyè sọ tiwọn. Riza kú ní 2017, ó dùn mí bí ẹni tí mo mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ, Kenso ti Japan. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti pàdé ní 1974 ni wọ́n gé kúrú fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Yoshihisa Shimizu tó ń darí wọn, dókítà eyín ni. Ẹ gbọ́ bí gìtá rẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní.

Ọmọ Èkó Gidi

Ẹ̀gbọ́n Houston, mo fẹ́ ra Patahan, èmi ò fẹ́ jí i. Ọ̀nà wo ni owó tèmi fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn ní tààrà?

Onífèrè, Houston

Ẹ wo Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn. Wọ́n ń mú ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tẹ́ ẹ bá gbà sórí ẹ̀rọ, ìyókù di ti ẹni tó ni ín lẹ́yìn owó báńkì. Láti 2020, wọ́n máa ń yan àwọn ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọn kì í mú kọ́bọ̀. Ẹ dúró de ọ̀kan nínú wọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá káàdì náírà yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Àjàní Onígìtá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Brazil ló kù. Ẹnì kan ní Rio sọ fún mi nípa Caravela Escarlate, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orin kan, dùùrù Hammond ló kún ibẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ni mo fi lé lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ẹgbẹ́ kan ní Lomé tàbí Kútọnu tó ń ṣe irú eré yìí, kó má dúró dìgbà tí mo bá tún bèèrè.